Ọkàn Àwọn Ọmọ Tó Wà Nílé Ìtọ́jú Tó Yẹ̀ Wò

Bí ọdún bá ti ń parí lọ, àlejò kì í wọ́n ní àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí ní Adó-Èkìtì àti káàkiri ìpínlẹ̀ yìí. Wọ́n á kó ìrẹsì àti aṣọ wá, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ, wọ́n á sì máa lọ. A kò bú ẹni tó ṣe oore, ṣùgbọ́n ọmọ lè yó kó má lè sùn lóru, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ bí kò bá sí ẹni tó bèèrè.

Ohun tí a fẹ́ kí ìjọba Èkìtì ṣe ni pé kó sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún gbogbo ilé ìtọ́jú, ti ìjọba àti ti aládàáni, láti máa yẹ ọkàn ọmọ kọ̀ọ̀kan wò nígbà tó bá dé àti lóòrèkóòrè lẹ́yìn náà. Abala 25 nínú Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, tí Nàìjíríà fàṣẹ sí ní 1991, sọ pé ọmọ tí aláṣẹ bá fi sí ibi ìtọ́jú ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n máa yẹ ìtọ́jú àti ipò tó wà wò lóòrèkóòrè.

Irinṣẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Nínú ìwé ìbéèrè 25 tí Robert Goodman, dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé, gbé jáde ní 1997, 20 dá lórí ìṣòro bí ìbẹ̀rù, ìjà àti àìní ọ̀rẹ́. 5 yòókù ń bèèrè bóyá ọmọ náà máa ń ṣàánú àwọn tó kéré sí i, bóyá ó máa ń pín nǹkan fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Márùn-ún yìí ṣe pàtàkì lójú wa, nítorí pé bí fáìlì ọmọ bá kún fún ẹ̀sùn nìkan, ẹni tó fẹ́ gbà á tọ́ kò ní mọ̀ pé ọmọ náà ló máa ń rẹ àwọn kéékèèké lẹ́kún.

Máàkì inú ìwé náà kì í ṣe orúkọ àìsàn o. Bákan náà, kò yẹ kó jẹ́ olùtọ́jú nìkan ni yóò dáhùn, torí pé ẹni tí ọmọ púpọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ á tètè rí aláriwo, á sì máa pe èyí tó dákẹ́ nínú ìbànújẹ́ ní ọmọ dáadáa. Kí olùkọ́ rẹ̀ náà dáhùn. Ọmọ tó bá sì ti pé 11 ọdún lè dáhùn fúnra rẹ̀, ní èdè Èkìtì tó gbọ́ láti ilé, yálà Ọmùò ló ti wá tàbí Ìkọ̀lé.

Ilé ìtọ́jú tí kò bá lè fi àkọsílẹ̀ yìí hàn, àti orúkọ ilé ìwòsàn tó ń gbé ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ lọ, kí ìjọba má ṣe tún ìwé àṣẹ rẹ̀ fọwọ́ sí.