"Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú pépà" ò sọ ọ́ di òótọ́ o

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ nídìí àwọn tó ń ta pépà ní Post Office, Ìlọrin níbí, tí mo tún máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará wa ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán: "Tó bá jẹ́ irọ́ ni, ṣé wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú pépà? Ìjọba ò bá ti mú wọn!" Àgbàlagbà tó kàwé ń sọ ọ́, tíṣà ń sọ ọ́, àwọn alfa wa náà ń sọ ọ́. Mo mọ ibi tó ti wá, torí láyé àwọn bàbá wa tó ń ka Herald àti Tribune, ohun tí pépà bá ti sọ, àríyànjiyàn ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ pépà ò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá tó bá ti kan ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì.

Owó tí ẹ san lọ́wọ́ ẹni tó ń ta pépà lè má tó ra bébà àti íńkì, ká má tíì sọ ti mọ́tò tó gbé e wá lóru láti Èkó tàbí Ìbàdàn. Owó ìpolówó ló ń gbé ilé-iṣẹ́ náà ró. Ẹ mú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣí i síbi tí ilé-iṣẹ́ epo kan ti ń ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní sikọ́láṣíìpù, kí ẹ wo òkè pátápátá, ní kọ̀rọ̀, lẹ́tà kéékèèké kan lè wà níbẹ̀: ADVERTORIAL, ìyẹn ìpolówó tí wọ́n kọ bí ẹni kọ ìròyìn. Ẹ wá orúkọ akọ̀ròyìn tó kọ ọ́, ẹ lè má rí i. Wọ́n ti fi ojú ewé yẹn rẹ́ńtì bí ẹni fi ṣọ́ọ̀bù rẹ́ńtì l'Ọ́jà Ọba, ẹni tó sanwó ló kó ọjà tiẹ̀ sí i, kì í ṣe onílé.

Ẹ sì má rò pé pépà kéékèèké nìkan ló ń ṣe é. Láti 1970 ni ilé-iṣẹ́ epo Mobil ti ń ra àyè nínú New York Times, pépà ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lójú ewé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń sọ èrò ọkàn wọn gan-an, nígbà tó yá ó di gbogbo Àlàmísì. Wọn ò polówó pẹtiróòlù níbẹ̀ o, èrò ni wọ́n ń tà. Nígbà tí Exxon àti Mobil di ọ̀kan ní 1999, wọn ò dáwọ́ dúró, ní 2000 wọ́n gbé ọ̀kan jáde tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ojú ọjọ́ ò tíì fìdí múlẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì ní yunifásítì Harvard, Geoffrey Supran àti Naomi Oreskes, wá kó ìwé ilé-iṣẹ́ yìí 187 jọ, wọ́n gbé àbájáde wọn síta ní 2017. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ náà kọ fún àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ wọn, 83 nínú 100 ló gbà pé ayé ń gbóná àti pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn wà níbẹ̀. Nínú àwọn advertorial, 12 nínú 100 péré ló gbà, 81 ló ń dá iyèméjì sílẹ̀! Ohun tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn kọ́ ni wọ́n sanwó fún kí aráàlú kà, pépà tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún ló sì tẹ̀ ẹ́.

Ní ti "ìjọba ò bá ti mú wọn", ní 2007 Shell gbé ìpolówó kan sínú pépà, wọ́n ya ilé ìfọpo, òdòdó ló ń jáde níbi tó yẹ kí èéfín ti jáde, wọ́n ní àwọn ń fi èéfín àwọn hu òdòdó. Àwọn tó ń mójú tó ìpolówó nílùú Ọba dájọ́ pé ó ṣi aráàlú lọ́nà, torí díẹ̀ kín-ún nínú èéfín yẹn ló ń lọ síbẹ̀. Ìdájọ́ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n pépà ti jáde, òdòdó ti wọ àwọn èèyàn lójú.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní 2008 epo dà lẹ́ẹ̀mejì ní Bodo, nílẹ̀ Ogoni, Shell ní gbogbo ẹ̀ ò ju nǹkan bí àgbá 4,000 lọ. Amnesty, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, ní àkọ́kọ́ nìkan ju 100,000 lọ. Ní 2014 Shell fúnra ẹ̀ gbà nínú ìwé kóòtù pé ó ju iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè lọ, ní 2015 wọ́n gbà láti san £55 mílíọ̀nù. Akọ̀ròyìn tó kọ "Shell sọ pé 4,000" láàárín àsìkò yẹn ò purọ́ rárá, òótọ́ ni Shell sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ kà á ti ṣìnà. Tí pépà bá ní pẹtiróòlù pọ̀ nílùú, àwa ará Kwara lè jáde lọ wo àwọn ilé epo fúnra wa ní Garage Ọ̀fà, ká rí bóyá ọkọ̀ tò tàbí kò tò. A ò lè jáde lọ wo omi Bodo, ojú pépà nìkan la fi ń wò ó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ìròyìn tí ẹ ò rí kà rárá. Kí akọ̀ròyìn tó dé etí omi yẹn, owó ọkọ̀, owó ọkọ̀ ojú omi, owó ibi tó máa sùn, ta ló fẹ́ san án? Ìwé tí ilé-iṣẹ́ epo kọ fúnra ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, fọ́tò wà nínú ẹ̀, ó sì máa ń tètè dé. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni pe olóòtú láti halẹ̀ mọ́ ọn, òun náà ti mọ ẹni tó ra ojú ewé ẹ̀yìn.

Mi ò ní gbogbo pépà ló ń purọ́ o, àwọn kan fẹsẹ̀ ara wọn dé Ogoni, ọpẹ́ wọn ò lè tán lẹ́nu wa. Òfin táwọn akọ̀ròyìn ṣe fún ara wọn ní 1998, Ìlọrin níbí ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, ó ní akọ̀ròyìn ò gbọdọ̀ gbowó láti gbé ìròyìn jáde tàbí láti bò ó mọ́lẹ̀. Ó dáa, àmọ́ àpò akọ̀ròyìn nìyẹn. Ojú ewé tí ilé-iṣẹ́ pépà tà ní rìsíìtì, kò sẹ́ni tó máa pè é ní rìbá.

Guardian ti ìlú Ọba ní January 2020 ní àwọn ò gba ìpolówó ilé-iṣẹ́ epo mọ́. Mo mọ̀ pé owó ò sí lọ́wọ́ àwọn pépà tiwa, mi ò ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ADVERTORIAL yẹn kó tóbi tó àkọlé ìròyìn, lójú ewé gbogbo tí wọ́n bá tà, ìyẹn ò ná wọn ní kọ́bọ̀.