Ẹ Wọn Àgbàdo Àgbẹ̀ Kí Ẹ Tó Kó O

Gbogbo ẹni tó bá ń ta àgbàdo gbígbẹ ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti Ìgbàrà-Odò títí dé Ọ̀mùò, ló mọ bí òwò náà ṣe ń lọ. Alágbàtà yóò wá sí abúlé, yóò bu àgbàdo sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi eyín gé e wò bóyá ó gbẹ, yóò dá iye lé e, yóò sì sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò wá kó o. Ọjọ́ náà yóò pé, ọkọ̀ kò ní í dé. Nígbà tó bá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ti yí padà: wọn yóò ní ọjà ti wálẹ̀ ní Ìbàdàn, wọn yóò ní àgbàdo náà ti tutù, wọn yóò ní owó ọkọ̀ ti gòkè. Àgbẹ̀ tó ti san owó lébìrà, tó yá owó ra ajílẹ̀, tí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ sì ń dúró dè é, kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó gba ohun tí wọ́n bá fún un.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì kò pọ̀. Kí ó fi òfin dè é pé kílò ni wọn yóò máa fi ra ọkà ní oko àti ní ọjà, kí ìwé sì wà láàárín olùtà àti olùrà, èyí tí iye, ìwọ̀n àti ọjọ́ ìkẹ́rù yóò hàn nínú rẹ̀, pẹ̀lú owó ìtanràn tí ẹni tó bá yẹ àdéhùn yóò san.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni a fi ṣáájú nítorí ibẹ̀ ni ìrẹ́jẹ ti pọ̀ jù. Àpò tí wọ́n ń pè ní ọlọ́gọ́rùn-ún kílò kì í sábà rí orí ìwọ̀n rárá. Alágbàtà ló ń mú àpò rẹ̀ wá, òun náà ló ń kó àwọn tí yóò dì í wá, wọn yóò sì máa kì í mọ́lẹ̀, wọn yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọn yóò rán àfikún mọ́ ẹnu rẹ̀ kó lè gbà sí i, síbẹ̀ owó àpò kan ṣoṣo ni wọn yóò san. Bí wọ́n bá dé ẹnubodè iléeṣẹ́ tó ń po oúnjẹ adìyẹ, kílò ni iléeṣẹ́ náà yóò fi gbà á lọ́wọ́ wọn. A jẹ́ pé ìwọ̀n ń ṣiṣẹ́ níbi tí alágbàtà ti ń tà, kò kàn sí níbi tó ti ń rà ni. Òfin Ìwọ̀n àti Òṣùwọ̀n sì ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1974. Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, ìlú kan ní Èkìtì níbí, tó lórúkọ pàápàá kò yẹ ní ohun tí a ó máa fi ojú díwọ̀n.

Ní ti ọkọ̀ tí kì í tètè dé, a kò ní í di gbogbo ẹ̀bi ru alágbàtà. Tírélà tó lè ru tọ́ọ̀nù 30 kò ní í gbéra fún ẹrù àgbẹ̀ kan. Àgbàdo tí a ń rí lórí hẹ́kítà kan ní orílẹ̀-èdè yìí kì í sábà tó tọ́ọ̀nù 2, nítorí náà ẹni tó dá hẹ́kítà 2 kò lè ní ju tọ́ọ̀nù 4 lọ, ó sì di dandan kí ọkọ̀ náà kó ẹrù àgbẹ̀ mẹ́jọ, ó kéré tán, kó tó kún. Bí àwọn mẹ́jọ náà bá wà ní abúlé mẹ́jọ, lójú ọ̀nà oko tí òjò ti wà, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀. Epo bẹntiróòlù tún gbówó lórí láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò fẹ́ gba ìhà Ìkọ́lé mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti pa ọba méjì lójú ọ̀nà níbẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kíní ọdún 2024. Àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró gba owó ní ojúkò lẹ́yìn ojúkò náà kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Síbẹ̀, orí ta ni ìyà ìdádúró náà ń já lé? Àgbàdo tí a gbìn ní oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin máa ń gbẹ nínú òjò oṣù Keje àti Ìkẹjọ. Bí omi inú rẹ̀ bá ju nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tí ó sì wà nínú àpò lórí ilẹ̀ yàrá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu, májèlé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin lè wọ inú rẹ̀, kòkòrò náà yóò sì rí tirẹ̀ jẹ. Alágbàtà tó pẹ́ dé ni yóò wá bẹnu àtẹ́ lu àgbàdo tí pípẹ́ tirẹ̀ gan-an bà jẹ́, ìyẹn ni yóò sì fi gé owó. Bákan náà ni nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù Keje ọdún 2024 pé àgbàdo, ìrẹsì, àlìkámà àti ẹ̀wà lè wọlé fún 150 ọjọ́ láìsan owó ibodè: irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ nìkan tó fún olùrà láti tú àdéhùn ẹnu ká. Bí ọjà bá wọ́n sí i lẹ́yìn àdéhùn, a kò tíì gbọ́ pé alágbàtà padà wá fi owó kún ti àgbẹ̀.

A kò ní kí ìjọba máa dá iye lé ọkà. Àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra ire oko ṣe é títí wọ́n fi tú wọn ká ní ọdún 1986, àwọn àgbà tó gbin kòkó nílẹ̀ yìí sì mọ̀ pé owó tí bọ́ọ̀dù ń san kéré sí ohun tí kòkó ń pa lókè òkun. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n wà nílé ìtajà nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn akọ̀wé kan máa ń fọwọ́ rá a. Ìwọ̀n yẹn ni a fẹ́ kó padà, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè.

Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà níṣẹ́ níbẹ̀. Bí àgbẹ̀ abúlé mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá kó ọkà wọn jọ sí ojú kan lẹ́bàá títì, ọkọ̀ yóò kún níbi kan ṣoṣo, alágbàtà kò sì ní í ní àwíjàre. Kí ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Èkìtì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwọ̀n tí a ti yẹ̀ wò àti ẹ̀rọ tó ń gbẹ ọkà, kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Adó-Èkìtì sì ti parí iṣẹ́ lórí òfin náà kí àgbàdo àkọ́kọ́ tó ń bọ̀ tó gbẹ ní oko.