Àìjẹun àárọ̀ kọ́ ló ń fa ọgbẹ́ inú

Ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta ni kì í dáná kùtùkùtù lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó máa fọṣọ á fọṣọ, ẹni tó máa sùn á sùn. Tó bá fi máa tó aago mọ́kànlá, oúnjẹ gidi á délẹ̀: ìrẹsì ọ̀fadà nínú ewé, ọbẹ̀ ata tí irú ń ta sánsán nínú rẹ̀, pọ̀nmọ́, ẹyin bíbọ̀, tàbí láfún tó gbóná fẹlifẹli pẹ̀lú ewédú. Àfi kí ìyá àgbà ti pè lórí fóònù: "Ṣé ẹ ò tíì fún àwọn ọmọ yẹn lóúnjẹ? Ọgbẹ́ inú lẹ fẹ́ kó mú wọn yẹn o!"

Ẹ má bínú, ìyá wa, kò rí bẹ́ẹ̀.

Kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí, Helicobacter pylori, ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú. Dókítà méjì ní Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, ló tú àṣírí rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ò gbà á gbọ́, ni Marshall bá gbé omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mu ní 1984. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nígbà tí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, awọ ikùn rẹ̀ ti wú. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005.

Ìkejì ni oògùn ara ríro, èyí tí mo rò pé ó ń ṣe wá lọ́ṣẹ́ jù, torí ọwọ́ ara wa la fi ń gbé e mì. Ẹni tó ti ń ru ẹrù ní Láfẹ́nwá látàárọ̀ á ní kí oníkẹ́míìsì po oògùn pọ̀ fóun: funfun kan, pupa kan, àti kápúsù aláwọ̀ méjì, nínú ọ̀rá pénpé. Á dà á sẹ́nu, á fomi tì í. Lọ́la, bákan náà. Diclofenac, ibuprofen, áṣípírínì: gbogbo wọn ló ń dín ohun tó ń dáàbò bo awọ ikùn kù. Alábùkún tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí ní 1918, áṣípírínì wà nínú òun náà. Kò burú fún orí fífọ́. Lílá a lójoojúmọ́ ló léwu. Ọgbẹ́ bá dé tán, wọ́n á ní kì í jẹun àárọ̀!

Ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé kò fara sin. Ẹni tí ọgbẹ́ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ebi bá ń pa á, ásíìdì inú á máa ta ojú egbò náà. Tó bá mu ẹ̀kọ díẹ̀, á rọlẹ̀. Ebi kàn bá egbò nílẹ̀ ni. Ata rodo náà lè ta á, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀.

Tí inú bá ń ta yín léraléra, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kòkòrò yẹn. Ìgbẹ́ tàbí èémí ni wọ́n fi ń ṣe é, oògùn apakòkòrò inú ara (antibiotics) sì wà fún un. Ìgbẹ́ tó bá dúdú bí ọ̀dà, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó bá sì ti ní ọgbẹ́, tàbí tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kó má bá wa dúró di aago mọ́kànlá. Kó tètè jẹ tiẹ̀.