Irọ́ ni pé pákó kò lè pẹ́ nílẹ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú

Ẹni tó bá ń kọ́lé ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, tó wá ní òun fẹ́ tẹ́ pákó sílẹ̀ yàrá, ohun kan náà ni bíríkìlà, àwọn ẹbí àti ará àdúgbò yóò sọ fún un: "Igi kẹ̀? Ikán á jẹ ẹ́, òjò á sì mú kó jẹrà. Táìsì ni kó o lò." Ọ̀rọ̀ yìí ti tàn kálẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń bi í wò mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè. Igi ló gbé páànù ilé yín dúró, igi ni férémù ilẹ̀kùn púpọ̀ nínú wa. Ilé tí wọ́n tẹ́ táìsì sí látòkè délẹ̀, ikán ṣì ń wọ ibẹ̀. Á gba ojú ìpàdé táìsì tó ti sán tàbí ẹsẹ̀ ògiri jáde, á fi amọ̀ ṣe ọ̀nà tóóró sára ògiri, á sì lọ bá férémù níbi tó wà. Táìsì kò dí i lọ́wọ́. Oògùn tí wọ́n fọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tó da kankéré ló ń dí i lọ́wọ́, àti irú igi tí ẹ rà.

Irú igi gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Igi ìrókò àti igi apá le, ikán kì í sábà rí wọn jẹ. Arère rọ̀, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò wọ́n, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá kan arère mọ́lẹ̀ láìfi oògùn kùn ún, tí ikán jẹ ẹ́ tán, gbogbo àdúgbò á ní igi ló já a kulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, pákó ni ilẹ̀ òkè wọn. Àwọn tó kọ́ wọn ti lọ tipẹ́, ọmọ-ọmọ wọn ṣì ń rìn lórí pákó náà.

Ohun mìíràn tó ń ba igi lórúkọ jẹ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní "wood" lọ́jà báyìí. Laminate ni. Igi tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ le, tí wọ́n wá lẹ bébà tó ní àwòrán igi mọ́ ojú rẹ̀. Ẹ gba ègé kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ fi sínú abọ́ omi di ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, etí wọn á ti wú bíi búrẹ́dì inú tíì, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Ẹni tó ń fi àkísà tó kún fún omi nulẹ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ rà á. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ìyẹn dá ìrókò lẹ́jọ́.

Táìsì náà ní tirẹ̀. Lóòótọ́, irú táìsì tí wọ́n ń pè ní porcelain kì í mu omi tó 0.5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń dí àárín táìsì kan sí èkejì ń mu omi. Bí wọn kò bá tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ kankéré, omi inú ilẹ̀ á máa gòkè wá, ẹ ó rí nǹkan funfun bí iyọ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lu táìsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Èyí tó bá dún bí òfìfo, símẹ́ńtì kò dé abẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá gbé fíríìjì lé e ló lè là.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwọn òbí wa. Àwọn ọmọ á kọ́lé fún ìyá wọn ní Ìlíṣàn tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n á tẹ́ táìsì tó ń dán bíi dígí láti pálọ̀ dé ilé ìwẹ̀. Màmá á tẹ omi, ẹsẹ̀ á yọ̀, egungun ìbàdí á sì ṣẹ́. Egungun àgbàlagbà kì í tètè jinná, ọ̀pọ̀ kì í rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, táìsì tí ojú rẹ̀ ṣe ṣákiṣàki, tí kò dán, ni kí ẹ lò fún ilé ìwẹ̀, ilé ìdáná àti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Yàrá òkè ni mo fẹ́ràn pákó fún jù. Nísàlẹ̀, bí kò bá sí ọ̀rá lábẹ́ kankéré, ẹ má dán an wò. Kí pákó náà gbẹ dáadáa, kí ó sì wà nínú yàrá fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí káfíńtà tó kàn án. Kí ó fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sílẹ̀ yí ẹsẹ̀ ògiri ká, torí pákó á wú lásìkò òjò, á sì sún kì lásìkò ọyẹ́.

Ìrókò wọ́n, mi ò ní purọ́, ó sì ń dín kù nínú igbó wa. Nítorí náà, bí ẹbí bá fẹ́ wó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, ẹ tètè bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi pákó òkè dáná. Ẹ yọ ìṣó ara rẹ̀ tán kí ẹ tó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la igi, kí wọ́n fá ojú rẹ̀.