Wọ́n ní àwọn ará Sòmálíà kì í bá èèyàn da nǹkan pọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú, mo fẹ́ sọ tẹnu mi. Sátidé tó kọjá, a lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Brooklyn Park, ní Minnesota níbí, ọ̀rọ̀ àwọn ará Sòmálíà sì tún bẹ̀rẹ̀ nídìí tábìlì wa. Wọ́n ní wọn kì í bá èèyàn da nǹkan pọ̀. Wọ́n ní ká wo Cedar-Riverside, àdúgbò wọn ní Minneapolis, ká wo Karmel, ọjà wọn níbẹ̀, bí ẹni pé Mogadishu, olú ìlú wọn nílé, ni wọ́n ṣì wà. Aṣọ ẹbí kan náà ló wà lọ́rùn gbogbo wa o. Àmàlà là ń jẹ, fújì là ń gbọ́, òyìnbó kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ọkọ ọmọ ẹnì kan ni, omi ló sì ń wá kiri nítorí ata. Àwa la wá ń sọ pé àwọn ẹlòmíì ò bá èèyàn da nǹkan pọ̀.

Mi ò fèsì lọ́jọ́ náà torí oúnjẹ olóúnjẹ wà lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n fèsì níbí.

Láti ọdún 2016 ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Minneapolis. Bí kì í bá ṣe ọmọ Nàìjíríà tàbí Làìbéríà ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, obìnrin Sòmálíà ni. Ọ̀kan nínú wọn ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún. Eeddo ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ẹni lóbìnrin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè wọn, ṣùgbọ́n bí àwa ṣe ń pe ẹni tí a ò bá tan ní àǹtí náà ni wọ́n ṣe ń lò ó.

Lóru ọjọ́ kan, nǹkan bí aago mẹ́ta, mo wọ yàrá tí a ti ń jẹun, mo bá Eeddo àti àwọn mẹ́ta kan tí wọ́n forí jọ sídìí fóònù, wọ́n ń ṣírò owó. Ó ní ṣé mo fẹ́ bá àwọn ṣe ayuuto. Mo ní kí ni ìyẹn. Ó ní èèyàn mẹ́wàá ni, kálukú á máa dá 200 dọ́là tí owó iṣẹ́ bá ti wọlé lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹnì kan á sì máa kó o. Kó tó sọ̀rọ̀ débi ta ló máa kọ́kọ́ kó, ẹ̀rín ti ń pa mí. Mo ní, "Eeddo, èsúsú nìyí!" Òun náà pè é wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àwọn ará ilé ọkọ òun tó wá láti Hargeisa, hagbad ni wọ́n ń pè é ní tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ayuuto yẹn, inú èdè Ítálì ni wọ́n ti mú un, ìrànlọ́wọ́ ló túmọ̀ sí. Ítálì ló jọba lé gúúsù ilẹ̀ wọn lórí, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lápá àríwá níbi tí Hargeisa wà, ọdún 1960 ni apá méjèèjì para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan. Ọdún tí àwa náà gba òmìnira nìyẹn.

Mo bá wọn dá a. Níbi tí mo ti ń dá tèmi tẹ́lẹ̀, ìbò la máa ń dì, tàbí kí ẹni tó ń kó owó jọ fi ara ẹ̀ ṣáájú. Níbí, ohun tí Eeddo béèrè ni pé ta ni nǹkan ń lé. Obìnrin kan ní wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ní Nairobi, òun ló kọ́kọ́ kó 2,000 dọ́là lọ. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ síwèé. Eeddo ò gba kọ́bọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ alájọ tó máa ń yọ owó ọjọ́ kan nínú oṣù, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í yá owó èlé ní báńkì nítorí ẹ̀sìn, nítorí náà ayuuto yìí ló ń ra mọ́tò tí wọ́n fi ń ṣe takisí, òun ló ń gba ìsọ̀ ní Karmel.

Ṣé ẹ dé Karmel rí? Ìsọ̀ míì níbẹ̀ ò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ. Aṣọ kan àjà, wúrà wà nínú gíláàsì, èéfín uunsi, ìyẹn tùràrí tiwọn, á bá yín délé nínú aṣọ. Àwọn bàbá jókòó ti tíì oní-mílíìkì, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí òṣèlú ilé bí àwọn bàbá wa ṣe ń jà lórí ti Ìbàdàn. Ibẹ̀ náà lèèyàn ti ń rí àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní xawilaad. Ẹ máa kó owó sílẹ̀, ẹ máa sọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ni ín, ẹni tó wà nídìí ẹ̀ á ránṣẹ́ sí ẹnìkejì ẹ̀ ní Burao tàbí Beledweyne, kó tó di ọ̀la owó ti dọ́wọ́ ìyá yín. Àwọn méjèèjì á wá máa yanjú ìṣírò láàárín ara wọn tó bá yá. Ilẹ̀ tí ìjọba ti fọ́, tí báńkì gidi ò sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí ló ń bọ́ ọ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, ìjọba Amẹ́ríkà ti èyí tó tóbi jù nínú wọn, Al-Barakaat, pa. Wọ́n ní owó apániláyà ń gbabẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n wá wádìí ẹ̀, ẹ̀rí gidi kan ò jáde. Ó tún di ìparí ọdún 2011, báńkì tó ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé owó ní Minnesota níbí ní òun ò ṣe mọ́, ẹ̀rù òfin ń ba òun. Ọdún yẹn gan-an ni ìyàn ńlá mú ní Sòmálíà. Ẹni tí ebi ń pa ìyá ẹ̀ nílé, tí owó wà lọ́wọ́ ẹ̀ níbí, tí kò rí ọ̀nà gbé e gbà, ta lẹ fẹ́ kó bá da nǹkan pọ̀ bí kò bá ṣe ará ilé ẹ̀?

Òtútù Minnesota kọ́ ló wù wọ́n. Nígbà tí ìjọba Siad Barre, ààrẹ wọn nígbà náà, wó lọ́dún 1991, tí ogun tú ìlú ká, àwọn tó sá dé Kenya ń gbé Dadaab lábẹ́ àgọ́ ọdún lórí ọdún. Àwọn tó kọ́kọ́ dé ìpínlẹ̀ yìí rí iṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa tòlótòló, iṣẹ́ tí kò béèrè Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ọ̀kan pe ọ̀kan. Ṣé báyẹn kọ́ la ṣe kún Brooklyn Park?

Wọ́n dá mi lẹ́rìn-ín ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún kan. Ọ̀gá tuntun wo ìwé, ó rí i pé ọjọ́ yẹn lọjọ́ ìbí àwọn méje nínú wa, ó ra kéèkì ńlá wá, ó ní irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n jẹ kéèkì náà, kò sẹ́ni tó là á yé e. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, January 1 ni wọ́n máa ń kọ fún un nínú ìwé olùwá-ibi-ìsádi. Ìyá-ìyá tèmi náà, ọdún tí kòkó wọ́n ni wọ́n bí i, ohun tí mo mọ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ọmọ-ọmọ Eeddo, ọmọ ọdún méje, máa ka orúkọ bàbá, bàbá bàbá, títí dé ẹnì kẹwàá láìmí. Abtirsi ni wọ́n ń pè é. Inú mi dùn, ojú sì tì mí, torí ọmọ tèmi ò mọ oríkì ara ẹ̀. Síbẹ̀, kíka orúkọ yìí náà ni wọ́n fi ń mọ ẹ̀yà tí ẹnì kan ti wá, ẹ̀yà yẹn ni wọ́n sì fi pa ara wọn lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ní ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n, kó lọ bi ará Somaliland léèrè, ìyẹn apá àríwá tó ní òun ti dá dúró.

Ibi tí èmi àti Eeddo ti ń bára wa fà á ni dhaqan celis, ìyẹn dídá ọmọ padà sínú àṣà. Wọ́n á sọ fún ọmọ pé ìsinmi là ń lọ. Tó bá dé Hargeisa, pásípọ́ọ̀tù á di àwátì. Ó ṣe é fún ọmọ-ọmọ ẹ̀ kan tó ń bá ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ rìn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo ní kò dáa, pé irọ́ lẹ pa fún ọmọ yẹn. Ó wò mí. Ó ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Ìbàdàn ńkọ́?" Ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún ìyá àgbà la fi tan tiwa lọ, ó bá ara ẹ̀ nílé ìwé tí wọ́n ti ń fi garawa pọnmi wẹ̀. Mo dákẹ́. Mo ṣì ní kò dáa o, tiwọn àti tiwa.

Ní January 2017 tí Trump kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ orílẹ̀-èdè méje, tí Sòmálíà wà nínú wọn, mo bá Eeddo kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ọkàn mi balẹ̀. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé tiwọn nìyẹn. Nígbà tó di ìparí January 2020, wọ́n kọ Nàìjíríà mọ́ ọn, físà àwọn tó fẹ́ wá gbé níbí ni wọ́n dí. Ọkọ àbúrò mi wà nínú àwọn tó ń retí.

Lóru ọjọ́ kejì, Eeddo gbé kúlà oúnjẹ sí iwájú mi: ìrẹsì, ẹran ewúrẹ́, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó pọ́n dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí wọ́n máa ń gé mọ́ ìrẹsì jẹ. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní, "Soo dhowow." Káàbọ̀ ni, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá tú u wò, sún mọ́bí ló ń sọ. Mo bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, mo gé e mọ́ ìrẹsì.