CECAM kì í ṣe kọ̀ǹpútà o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó sọ pé CECAM jẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan tí àwọn ará Switzerland ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nítorí AI, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibùdó àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ọdún 1969 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní Orsay, lẹ́bàá Paris, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Carl Moser ló ṣáájú ẹ̀, ibùdó náà wá kó lọ sí Lyon, ọdún 2008 ló tó dé Lausanne ní Switzerland. Orílẹ̀-èdè Yúróòpù púpọ̀ ló ń dáwó sí i, ó sì ní ẹ̀ka káàkiri. Iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ńkọ́? Ìpàdé ni! Kí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣèṣirò bí átọ́ọ̀mù ṣe ń rìn jókòó pọ̀, kí wọ́n jọ fa ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹ wo irú ohun tí ìpàdé bẹ́ẹ̀ ń bí, ọgbọ́n ìṣirò tí wọ́n ń pè ní SHAKE, ti 1977: ìdè tó so àwọn átọ́ọ̀mù pọ̀ máa ń gbọ̀n wìrìwìrì, kọ̀ǹpútà á wá máa rìn bí ìgbín kó má baà ṣì í, ni Ryckaert, Ciccotti àti Berendsen bá ní ẹ jẹ́ ká kúkú mú un dúró, kí gígùn ẹ̀ má yí padà mọ́, bí kọ̀ǹpútà ṣe ráyè gbẹ́sẹ̀ gígùn nìyẹn. Ará Belgium kan, ará Ítálì kan, ará Netherlands kan (ṣé ẹ rí ará Switzerland kankan níbẹ̀?).