Kì í ṣe ibòòji nìkan ni kòkòrò gbójú lé
Ìròyìn kan tí mo kà nípa bí kòkòrò ṣe ń fara da ooru sọ pé ibòòji ni wọ́n ń wá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì wọn sílẹ̀. Bí ooru bá pọ̀ jù, àwọn purotéènì inú ara a máa tú, wọn a sì lẹ̀ mọ́ra bíi funfun ẹyin tí a sè. Nígbà náà ni kòkòrò yóò yára ṣe purotéènì mìíràn, irú bíi Hsp70, tí yóò di èyí tó ń tú mú kí ó má baà bàjẹ́. Ara eṣinṣin kéékèèké, irú èyí tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ni Ferruccio Ritossa, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Ítálì, ti rí àmì ìgbésẹ̀ yìí, tó sì kéde rẹ̀ ní 1962.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Polypedilum vanderplanki, kòkòrò kékeré kan tó jọ ẹ̀fọn, tí ìdin rẹ̀ ń gbé nínú omi orí àpáta ní àríwá Nàìjíríà. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, omi ara rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, ṣúgà tí a ń pè ní trehalose a sì rọ́pò omi náà. Ní ipò yẹn, ó lè fara da ooru ìwọ̀n 102 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú kan. Bí òjò bá rọ̀, á jí. Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, omi máa ń dúró lórí àpáta wa lẹ́yìn òjò (n kò tíì tẹjú mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ rí), nítorí náà ó dùn mí pé akọ̀ròyìn kò dárúkọ kòkòrò ilé wa rárá.